Ṣé kí n yọ ẹ̀rọ pẹ́dàlì kúrò nígbà tí ìgbòkun bá ń gbé káyàkì mi lọ?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Iléṣà ni mò ń gbé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Amẹ́ríkà fi káyàkì kan, ọkọ̀ ojú omi kékeré tẹ́ẹ́rẹ́, ránṣẹ́ sí mi, irú èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ wà, tí lẹbẹ méjì bíi ti ẹja ń jù sọ́tùn-ún sósì lábẹ́ rẹ̀. Ó ní òpó àti ìgbòkun kékeré. Orí omi dáàmù ni mo máa ń gbé e lọ. Bí mo bá ti ta ìgbòkun, n kì í mọ ohun tí n ó fi ẹ̀rọ pẹ́dàlì náà ṣe mọ́. Bí mo bá fi í sílẹ̀, ó dà bíi pé ó ń fà mí sẹ́yìn. Bí mo bá yọ ọ́, omi á máa ta sókè láti inú ihò tí a ń kì í bọ̀ láàárín ọkọ̀, ẹ̀rù á sì máa bà mí pé ọkọ̀ fẹ́ rì. Lọ́jọ́ kan, ó há nígbà tí mo ń fà á, ó wá yọ lójijì, díẹ̀ ló kù kí èmi àti òun jọ bọ́ sómi. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n máa yọ ọ́ nígbàkígbà tí afẹ́fẹ́ bá wà. Kí lẹ rí sí i?"

Ọmọ Ọbòkun, o kú ewu o. Mo dúpẹ́ pé ìwọ àti ẹ̀rọ náà ṣì wà lókè omi. Bí ọ̀rọ̀ rẹ ṣe yé mi, o rò pé ọ̀nà méjì péré ló wà: kí ẹ̀rọ wà nínú ihò kó máa fà ọ́ sẹ́yìn, tàbí kí o yọ ọ́ kí omi máa ta sí ọ lára. Ọ̀nà mìíràn wà, òun gan-an ni wàá sì máa lò jù. Fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ nínú ihò, kí o sì kọ́ bí wàá ṣe máa gbé lẹbẹ rẹ̀ sókè tàbí sọ ọ́ kalẹ̀, gẹ́gẹ́ bí afẹ́fẹ́ bá ṣe rí. Orí omi tí ìgbòkun ti ń fa ọkọ̀ kì í ṣe ibi tí a ti ń yọ ẹ̀rọ, àfi bí ọ̀ràn bá di dandan.

Jẹ́ ká wo ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ná. Irú rẹ̀ tó ní lẹbẹ méjì yìí, ilé iṣẹ́ Hobie ní Kalifóníà ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1997, Greg Ketterman, ẹni tó tún ṣe ọkọ̀ ìgbòkun asáré, ló sì ronú rẹ̀. MirageDrive ni wọ́n ń pè é. Lónìí, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn náà ti ń ṣe èyí tó jọ ọ́, nítorí náà bí orúkọ mìíràn bá wà lára tìrẹ, má mikàn, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Lẹbẹ kan wà níwájú, ìkejì wà lẹ́yìn rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í kọlu ara wọn. Jókòó sí etí omi, gbé ẹ̀rọ náà lé itan, kí o fi ọwọ́ ti pẹ́dàlì rẹ̀ wò. Bí pẹ́dàlì méjèèjì bá wà lọ́gbọọgba, lẹbẹ méjèèjì á na tààrà sísàlẹ̀. Bí o bá ti pẹ́dàlì kan síwájú títí tí kò fi lè lọ mọ́, lẹbẹ kan á tẹ́ sọ́tùn-ún, ìkejì á tẹ́ sósì. Nígbà tí ẹ̀rọ bá wà nínú ọkọ̀, ipò títẹ́ yẹn ló máa mú kí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ ọkọ̀ pátápátá. Ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, títí ẹsẹ̀ rẹ á fi mọ̀ ọ́n láìwò, nítorí lórí omi o kò ní rí abẹ́ ọkọ̀.

Wàyí o, kí nìdí tí ipò yìí fi ṣe pàtàkì? Ìgbòkun kì í fi gbogbo agbára rẹ̀ ti ọkọ̀ síwájú. Bí afẹ́fẹ́ bá ń ti ẹ̀yìn rẹ bọ̀, iwájú ló ń tì ọ́ sí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń ti ẹ̀gbẹ́ wá, tàbí tí ibi tí ò ń lọ bá sún mọ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, púpọ̀ nínú agbára náà ló ń ti ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Abẹ́ káyàkì fúyẹ́, kò sì jìn, kò ní ohun tó fi di omi mú, ni ọkọ̀ á bá máa fẹ̀gbẹ́ rìn bí alákàn. Wàá kọjú imú rẹ̀ sí igi ńlá kan lódìkejì, wàá máa rò pé ibẹ̀ lò ń lọ, ibi tí wàá gúnlẹ̀ sí á wá jìnnà réré sí igi náà. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ ìgbòkun fi máa ń ní pátákó tí wọ́n ń ti àárín ọkọ̀ tì bọ omi. Bí tìrẹ bá ní in, sọ ọ́ kalẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ kò bá sí lẹ́yìn rẹ. Bí kò bá ní in, lẹbẹ méjèèjì tó na sísàlẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ pátákó náà. Wọn kò fẹ̀ tó o, wọn kò sì lè ṣe é dáadáa tó o, ṣùgbọ́n wọ́n sàn ju asán lọ dáadáa. Ọ̀rẹ́ rẹ tó ní kí o máa yọ ẹ̀rọ nígbàkígbà tí afẹ́fẹ́ bá wà kò ní ibi lọ́kàn, àmọ́ ohun kan ṣoṣo tó ń di omi mú fún ọ ló ní kí o gbé sínú ọkọ̀ yẹn.

Nítorí náà, bí o bá ń lọ sí apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, jẹ́ kí lẹbẹ na sísàlẹ̀, kí o sì máa fi ẹsẹ̀ wà á jẹ́jẹ́ bí ìgbòkun ti ń fà. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ìwà ọ̀lẹ nìyẹn. Ìwọ̀nba eré tí ẹsẹ̀ rẹ bá fi kún un á jẹ́ kí imú ọkọ̀ lè sún mọ́ ojú afẹ́fẹ́ sí i, kò sì ní fẹ̀gbẹ́ rìn tó ti tẹ́lẹ̀. Níbi tí o bá ti fẹ́ yí imú ọkọ̀ gba ojú afẹ́fẹ́ kọjá kí ìgbòkun lè bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ibẹ̀ ni káyàkì ti sábà máa ń dúró gbagidi. Ó fúyẹ́ jù, eré rẹ̀ á ti tán kó tó yí tán. Fi ẹsẹ̀ wà á kíkankíkan láàárín ìgbà díẹ̀ yẹn, á yí. Ẹni tó ti yọ ẹ̀rọ tirẹ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá àjẹ̀ kiri, afẹ́fẹ́ á sì máa gbé e padà sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá bọ́ sẹ́yìn rẹ, kò sí ohun tó ń tì ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́, ìdènà lásán ni lẹbẹ tó na sísàlẹ̀ ń ṣe. Ìfàsẹ́yìn tí o sọ nìyẹn. Ti ẹsẹ̀ kan síwájú dé òpin kí o sì dá a dúró síbẹ̀. Ara rẹ á mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, ńṣe ni ọkọ̀ á yọ̀ lọ. Bí ẹsẹ̀ bá ń ro ọ́, wá rọ́bà onígàn-án-gàn-án tí àwọn ọlọ́kadà fi ń di ẹrù, fi ìkọ́ rẹ̀ kan kọ́ pẹ́dàlì tó wà níwájú, kọ́ ìkejì sí ibi tó le lára ọkọ̀. Kó má le jù o, kó jẹ́ èyí tí o lè fi ẹsẹ̀ ta dànù bí o bá fẹ́ tètè wà. Ohun kan tún wà tí wàá máa kíyè sí: bí ọkọ̀ bá ń sáré dáadáa tí lẹbẹ sì wà nísàlẹ̀, wàá gbọ́ ọ ní àtẹ́lẹsẹ̀, pẹ́dàlì á máa gbọ̀n rìrì. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú lẹbẹ ló ń jìyà yẹn. Bí ó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, ó lè tẹ̀. Gbé lẹbẹ sókè, tàbí kí o dín ìgbòkun kù.

Ní ti ọjọ́ tí ẹ̀rọ há, mo lè sọ ohun tó fà á láìwà níbẹ̀. Ẹnu ihò tó wà lábẹ́ ọkọ̀ kò fẹ̀ ju kí lẹbẹ tó na tààrà gba ibẹ̀ kọjá lọ. Bí pẹ́dàlì kò bá dọ́gba, lẹbẹ á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, á sì kọ́ abẹ́ ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá tún ń rìn, omi á máa tì í mọ́ etí ihò, bí o bá sì ṣe ń fà á lágbára tó ni á ṣe máa há tó. Lẹ́yìn náà, ìgbì kan á gbé ọkọ̀, pẹ́dàlì á dọ́gba fúnra rẹ̀, ó di gbọ̀ọ́, ó yọ. Gbogbo agbára tí o fi ń fà á á wá tì ọ́ sẹ́yìn. Bí o bá tilẹ̀ gbọdọ̀ yọ ọ́ lórí omi, ìgbòkun ni kí o kọ́kọ́ yanjú. Tú okùn rẹ̀ sílẹ̀, kọ imú ọkọ̀ sí ojú afẹ́fẹ́, bí ó bá jẹ́ irú ìgbòkun tó ń ká mọ́ òpó, ká a. Dúró títí ọkọ̀ á fi dáwọ́ ìrìn dúró. Mú pẹ́dàlì méjèèjì dọ́gba, kí o sì fi ojú rí i pé wọ́n dọ́gba. Ṣí lọ́ọ̀kì ọ̀tún àti ti òsì, nítorí ọ̀pọ̀ máa ń ṣí ọ̀kan, wọ́n á wá máa bá èkejì jà. Jókòó sí àárín gbùngbùn, ya ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò, kí o fà á sókè ṣánṣán láìdà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kankan.

Ohun tí mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn jù nínú gbogbo lẹ́tà yìí ni ti okùn ìgbòkun. Má ṣe so ó pa nígbà tí ọwọ́ rẹ méjèèjì bá wà nínú ihò yẹn. Mo tún ọkọ̀ ojú omi ṣe ní Èpẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó padà wá sí Ifẹ̀, káyàkì tí mo sì rí tó dojú dé lábẹ́ ìgbòkun, okùn tí wọ́n so pa ló wà nídìí púpọ̀ nínú wọn. Ẹni náà tẹ̀ síwájú, kò rí afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀, ìgbòkun kún lójijì, kò sì sí ọwọ́ tó ṣófo láti tú u. Bí káyàkì rẹ kò bá ní apá ìléfòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ewu yìí di ìlọ́po. Ẹ̀wù ìléfòó gbọdọ̀ wà lọ́rùn rẹ, kó sì di mọ́ra, kì í ṣe kó wà lábẹ́ ìjókòó.

Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kì í léfòó. Bí ó bá bọ́ sínú omi dáàmù tó dúdú, o ti sọ ọ́ nù nìyẹn. Wá okùn kékeré tó lágbára, so ẹnu kan mọ́ ara irin ẹ̀rọ, kì í ṣe mọ́ pẹ́dàlì, so ẹnu kejì mọ́ òrùka tó wà lára ọkọ̀. Kó gùn tó kí o lè gbé ẹ̀rọ jáde kí o sì tẹ́ ẹ sẹ́yìn ìjókòó, ṣùgbọ́n kó má gùn débi tó fi lè bọ́ sómi kó dé ìdí ìtọ́kọ̀, ìyẹn pátákó ẹ̀yìn tí a fi ń darí ọkọ̀, kó lọ́ mọ́ ọn. Bí ẹ̀rọ bá ti jáde, dì í mọ́lẹ̀. Má fi lẹbẹ rẹ̀ sábẹ́ ẹrù, má sì sá a sóòrùn títí, rọ́bà rẹ̀ á wọ́, kò sì ní na mọ́.

Ọ̀rọ̀ omi tó ń ta sókè wá kù. Ihò yẹn kò wọ inú ikùn ọkọ̀. Ògiri yí i ká láti òkè dé ìsàlẹ̀, nítorí náà omi inú rẹ̀ kò lè rì ọ́. Bí ọkọ̀ bá dúró, ibi tí omi ìta dé lára ọkọ̀ ni omi inú ihò náà á dé. Eré ló ń mú un ta sókè, torí bí ọkọ̀ ti ń lọ, etí ihò tó wà lẹ́yìn ń kọlu omi, omi kò sì rí ibòmíràn gbà ju òkè lọ. Kò ní rì ọ́, àmọ́ ó ń jẹ eré rẹ, nígbà míì gan-an ó lè fà ọ́ sẹ́yìn tó lẹbẹ tí o yọ. Ìdérí kan máa ń bá irú ọkọ̀ yìí wá tó ń dí ihò náà láti òkè dé abẹ́. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ kò bá fi ránṣẹ́, ra fóòmù líle tí àwọn aṣebàtà ń lò, lẹ̀ ẹ́ pọ̀ kó nípọn, gé e kó bá ihò mu gẹ́lẹ́, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì tẹ́ pẹ̀lú abẹ́ ọkọ̀. N kò rí ihò tìrẹ, nítorí náà ìwọ ni wàá wọ̀n ọ́n. So okùn mọ́ òun náà. Má fi aṣọ tàbí ọ̀rá dí i, á já bọ́ sómi.

Omi tó yẹ kó bà ọ́ lẹ́rù ni èyí tó bá wà nínú ikùn ọkọ̀. Kí o tó bọ́ sómi, ṣí ìdérí ikùn, fi kànìnkàn gbẹ ẹ́. Bí o bá gúnlẹ̀, tún ṣí i, kí o fi ọwọ́ kàn án. Bí ó bá kàn tutù tàbí tí omi ibẹ̀ kò tó ife kan, kò burú. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, yẹ igun ihò pẹ́dàlì wò bóyá ó ti sán, yẹ ibi tí òpó wọ̀, yẹ ìdí síkúrù gbogbo àti ìdérí tí a fi ń da omi jáde. Má gbé ọkọ̀ náà padà sómi kí o tó mọ ibi tó ń jò.

Omi dáàmù wa ní ìwà tirẹ̀ tí ìwé tó bá ọkọ̀ wá kò ní sọ fún ọ. Ilẹ̀ oko àti igbó ni omi bò níbẹ̀, kùkùté igi wà nísàlẹ̀. Kùkùté tí o kọjá lórí rẹ̀ nínú oṣù kẹsàn-án láìmọ̀, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá fa omi sílẹ̀ nínú oṣù kejì, ó lè ti sún mọ́ òkè débi tí lẹbẹ rẹ á fi gbá a. Bí lẹbẹ bá gbá kùkùté, má fi agbára wà á. Tú okùn ìgbòkun, ti ẹsẹ̀ kan síwájú kí lẹbẹ tẹ́, jẹ́ kí ọkọ̀ rọra yẹ̀. Rántí pé bí lẹbẹ bá ti tẹ́ tán, ìtọ́kọ̀ ló wá jìn jù lábẹ́ ọkọ̀, gbé òun náà sókè. Ojú oró àti òṣíbàtà náà tún wà. Bí wọ́n bá wé mọ́ lẹbẹ, pẹ́dàlì á máa wúwo sí i díẹ̀díẹ̀. Gbé lẹbẹ sókè sódò lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, èyí tó pọ̀ nínú wọn á bọ́. Bí kò bá bọ́, ìgbà yìí gan-an ni yíyọ ẹ̀rọ di dandan, pẹ̀lú ìgbòkun tí o ti ká.

Afẹ́fẹ́ tó máa ń ṣáájú òjò ni ìdí tó tóbi jù tí n kò fi fẹ́ kí ẹ̀rọ wà ní yíyọ. Nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nínú ọdún àti nígbà tó bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, ìlà oòrùn ni ìjì sábà máa ń gbà wá. Ojú ọ̀run á ṣú níbẹ̀, gbogbo ibi á pa rọ́rọ́, afẹ́fẹ́ tútù á wá dé lẹ́ẹ̀kan náà láti ibi tí o kò retí. Ìgbòkun kò wúlò fún ọ nígbà náà. Bí o bá ti rí i pé apá yẹn dúdú, ká ìgbòkun, sọ lẹbẹ kalẹ̀, fi ẹsẹ̀ wà á lọ sí etí omi tó sún mọ́ ọ jù, kì í ṣe ibi tí o gbé mọ́tò sí. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ wà lẹ́yìn ìjókòó á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá bó ṣe máa kì í bọ ihò lórí omi tó ń ru.

Ìgbà tí yíyọ ọ́ dára náà wà, n kò ní pa á mọ́ fún ọ. Bí ọkọ̀ rẹ bá ní pátákó àárín, tí o sì ní ìdérí ihò gidi, tí afẹ́fẹ́ kò sì le, tí o fẹ́ fi ìgbòkun nìkan lọ jìnnà, yọ ọ́ ní etí omi kí o tó gbéra. Ọkọ̀ á sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ díẹ̀. Ṣùgbọ́n àjẹ̀ gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ. Fún èmi, eré díẹ̀ yẹn kò tó ohun tí n ó fi ẹ̀rọ mi pààrọ̀ lórí dáàmù. Èyí tí mo ń sọ yìí kò bá àwọn ẹ̀rọ tó ń yí bíi ti fáànù mu o. Ìyẹn kò ní lẹbẹ tó lè tẹ́, bí ìgbòkun bá ń fa ọkọ̀, omi á máa yí i, á sì máa dènà. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà kúrò nínú omi.

Bí o bá ń dá ẹ̀rọ padà, kọ́kọ́ fi ọwọ́ nu ibi tó ń jókòó sí, òkúta wẹ́wẹ́ kan ṣoṣo lè má jẹ́ kí lọ́ọ̀kì wọlé. Fetí sí i, lọ́ọ̀kì méjèèjì gbọdọ̀ dún. Lẹ́yìn náà, di ọrùn ẹ̀rọ mú kí o fà á sókè wò. Bí apá kan ṣoṣo bá wọlé, ìgbà àkọ́kọ́ tí o bá fi agbára tẹ pẹ́dàlì ni á fò sókè, ó sì lè ba etí ihò jẹ́. Bí o bá délé, fi omi mímọ́ fọ iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára ṣéènì, gbẹ ẹ́, fi ìwọ̀nba ọ́ìlì ẹ̀rọ ìránṣọ pa á, nu èyí tó bá ṣẹ́kù kúrò. Má ro gírísì lé e o, omi mímu ni wọ́n ń fà nínú ọ̀pọ̀ dáàmù wọ̀nyí. Bẹ́ẹ̀ ni ti Ọ̀pá tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ níbí, ẹni tó bá sì fẹ́ gbé ọkọ̀ wọ irú omi bẹ́ẹ̀ gbọdọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, má ta ìgbòkun rárá. Gbé ọkọ̀ síbi tí omi mu ọ dé àyà, jókòó sínú rẹ̀, kí o máa ti ẹsẹ̀ síwájú kí lẹbẹ tẹ́, kí o máa mú un dọ́gba kí ó na, kí o yọ ẹ̀rọ, kí o dá a padà, pẹ̀lú okùn rẹ̀ lára rẹ̀. Ní kí ọ̀rẹ́ rẹ yẹn dúró sínú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, kó máa fi ọwọ́ kan lẹbẹ nísàlẹ̀, kó máa sọ fún ọ bóyá wọ́n tẹ́ tàbí wọ́n na. Nígbà tí o bá lè sọ ọ́ kí òun tó sọ, ta ìgbòkun.